Ìwà Wa Ni A Fi Ń Ṣèwádìí Lórí Ayélujára

Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, fóònù ni ọ̀pọ̀ òbí ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Bàbá àti ìyá lè tẹ ìbéèrè kan náà sínú Google, síbẹ̀ kí ohun tí kálukú wọn rí dì mú má bára mu. Ìwà ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ máa ń bá a wọ inú ìwádìí náà.

Jannica Heinström, onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Finland, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 305, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2002. Ọ̀nà mẹ́ta ló rí. Àwọn kan ń sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀, wọ́n á sì mú èyí tó bá rọrùn. Àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Àwọn kejì ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti ibi gbogbo. Àwọn tó yá mọ́ni ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kẹta ń walẹ̀ jìn, nítorí òye ni wọ́n ń wá.

Nínú ọ̀ràn àìsàn, ìbẹ̀rù a máa ṣini lọ́nà. Ní ọdún 2008, Ryen White àti Eric Horvitz ti ilé-iṣẹ́ Microsoft fi hàn pé ẹni tó ń wá ìdí orí fífọ́ lè tètè bá ara rẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ kókó inú ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn náà kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà á gba èyí tó burú jù gbọ́. Olóríkunkun ní tirẹ̀ á fo gbogbo ohun tó tako èrò rẹ̀, títí yóò fi rí ẹni tó sọ pé ibà lásán ni. Ọmọ kan náà ló dùbúlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí abèèrè mọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ oníwàdùwàdù, ẹ ka ojúewé mẹ́ta kí ẹ tó gba ọ̀kan gbọ́. Bí ẹ̀rù bá tètè ń bà yín, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó tì yín kà á. Bí ẹ bá sì ti ní ìdáhùn lọ́kàn tẹ́lẹ̀, ẹ wá ohun tó tako ó.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bóyá ibà ló ń ṣe ọmọ. Bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, tàbí bí ó bá ṣòroó jí, ẹ gbé fóònù jù sílẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.