Ṣé O Mọ̀? Ìtàn Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ọkàn Wọn Gbọgbẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 18 péré ni S.E. Hinton nígbà tí ìwé rẹ̀, "The Outsiders", jáde lọ́dún 1967? Ìlú Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ló ti kọ ọ́, ó sì ṣì wà níléèwé girama nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí òbí wọn ti kú, àwọn tí ilé wọn kò ṣeé gbé, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé "báwo ni?", ni ìtàn náà dá lé lórí. Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní kó fi orúkọ rẹ̀ gan-an, Susan, pamọ́, kí àwọn ọkùnrin tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwé má baà ní kí lobìnrin mọ̀ nípa ìjà ìgboro. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìwé yìí ló la ọ̀nà fún ìtàn àròsọ tí wọ́n ń kọ fún ọ̀dọ́langba lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ àdàpè ni Joanne Greenberg fi tẹ "I Never Promised You a Rose Garden" jáde lọ́dún 1964? Hannah Green ló kọ sára rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin ọdún 16 kan ni, tó dá odindi ayé kan sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, tí àwọn òrìṣà ayé náà sì wá ń dá a lóró. Greenberg mọ ohun tó ń sọ, torí wọ́n ti tọ́jú òun náà rí ní ilé ìwòsàn Chestnut Lodge ní Maryland, lọ́wọ́ dókítà Frieda Fromm-Reichmann, tó di Dókítà Fried nínú ìwé. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, Sylvia Plath ti fi orúkọ Victoria Lucas tẹ "The Bell Jar" jáde ní London. Nígbà náà, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá ṣàìsàn rí kì í fẹ́ fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Ǹjẹ́ ó ti yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò tìrẹ?

Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni ìwé ìrántí kan tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ iléèwé kà bí òótọ́? "Go Ask Alice" jáde lọ́dún 1971 láìsí orúkọ òǹkọ̀wé kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí oògùn olóró bayé rẹ̀ jẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìgbà tó yá la wá mọ̀ pé obìnrin àgbàlagbà kan, Beatrice Sparks, ló ni ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé rẹ̀, ìtàn àròsọ sì ni. Inú mi kò dùn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá fi irọ́ dẹ́rù bà kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sọ òótọ́ fún un.

Ṣé o mọ "Speak"? Bó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni o máa kà nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ níbí, òun ni kí o kà. Laurie Halse Anderson ló kọ ọ́, ọdún 1999 ló jáde. Melinda ń wọ iléèwé girama ní Syracuse, ní ìpínlẹ̀ New York, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti kẹ̀yìn sí i. Ohun tó fà á ni pé òun ló pe ọlọ́pàá síbi àríyá kan ní ìgbà ìsinmi, tí àríyá náà fi tú ká. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tó fi pè wọ́n. Ọmọkùnrin kan tó jù ú lọ ti fipá bá a lò pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti há sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó ń bu ètè rẹ̀ jẹ títí ó fi di egbò. Ó rí yàrá kékeré kan tí àwọn tó ń gbálẹ̀ iléèwé ti pa tì, ó sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́ rẹ̀, ó sì fi àwòrán Maya Angelou bo dígí tó wà níbẹ̀, kó má baà máa rí ojú ara rẹ̀. Ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà, olùkọ́ ní kí kálukú mú ìwé pélébé kan. Ohun tí wọ́n kọ sára ti Melinda ni "igi". Igi yẹn ni yóò máa yà fún odindi ọdún kan. Àwọn àkọ́kọ́ kò dára, ó jọ igi tí àrá sán pa. Olùkọ́ náà kò bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó kàn ń wò ó bó ṣe ń yàwòrán, ó ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un, kò sì lé e. Èmi gbà pé ojú ewé wọ̀nyẹn yẹ ní kíkà fún gbogbo olùkọ́ tó wà ní ilẹ̀ yìí, torí ọmọ kan lè wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, tí a sì ń pè é ní olóríkunkun.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2019, ogún ọdún lẹ́yìn "Speak", Anderson kọ ìwé mìíràn, "SHOUT", tó fi jẹ́wọ́ pé ọmọ ọdún 13 lòun nígbà tí wọ́n fipá bá òun náà lò pọ̀?

Ó tún ti sọ pé níléèwé tí òun bá lọ, àwọn ọmọkùnrin a máa bi òun pé kí ló tilẹ̀ dé tí Melinda fi ń banú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọn kò mọ̀ ni, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Síbẹ̀, lọ́dún 2020, "Speak" ló wà ní ipò kẹrin nínú ìwé tí àwọn èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò ní ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé ìkàwé ibẹ̀ ṣe fi hàn. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó kórìíra ọmọkùnrin.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe lè má fẹ́ kú rárá? Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìrora ọkàn tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àbáyọ fún. Patricia McCormick fi èyí hàn nínú "Cut", tó jáde lọ́dún 2000. Callie, ọmọ ọdún 15, kò fọhùn sí dókítà fún ọjọ́ pípẹ́. Bó ṣe wá ń fọhùn díẹ̀díẹ̀ la wá gbọ́ pé ó gbà pé òun lòun fa àìsàn àbúrò òun. Ẹ̀bi ńlá ni ọmọ kékeré yẹn ń dá rù kiri, àwọn àgbà inú ilé kò sì mọ̀.

Wàyí o, ṣé ìwé lè pa èèyàn? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1774, Goethe, ọmọ Jámánì, kọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Werther, tí ìfẹ́ mú kó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ariwo pọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe bíi tirẹ̀, débi pé ìlú Leipzig fòfin de ìwé náà àti irú aṣọ tí Werther wọ̀. Igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1974, David Phillips, onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fi orúkọ Werther pe bí ìròyìn ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe ń ran ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ Papageno? Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ rí. Nínú eré orin Mozart tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna lọ́dún 1791, ayé sú Papageno, ó fẹ́ kú. Ọmọdékùnrin mẹ́ta ló rán an létí pé agogo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè lù. Ó lù ú, kò sì kú mọ́. Lọ́dún 2010, Thomas Niederkrotenthaler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna fi hàn pé ìròyìn nípa ẹni tí èrò ikú wá sí lọ́kàn, àmọ́ tó rí ọ̀nà mìíràn gbà, bá ìdínkù nínú irú ikú bẹ́ẹ̀ rìn. Papageno ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọwọ́ bí wọ́n ṣe sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní Vienna yìí kan náà, láti 1987 ni àwọn oníròyìn ti gbà láti yé gbé ikú àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn lójú irin abẹ́ ilẹ̀ gẹ̀gẹ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra fún "Thirteen Reasons Why" tí Jay Asher kọ lọ́dún 2007. Ọmọbìnrin kan ti gbẹ̀mí ara rẹ̀, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀bi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà dùn-ún kà, ó sì sọ òótọ́ nípa bí ìfiniṣẹ̀sín ṣe ń ba ọmọ jẹ́. Àmọ́ ó ń mú kó dà bíi pé òkú yóò wà níbẹ̀ láti rí ìgbẹ̀san rẹ̀. Òkú kì í rí i. Netflix sọ ọ́ di fíìmù alápá púpọ̀ lọ́dún 2017. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 sọ pé ní Amẹ́ríkà, lóṣù tó tẹ̀ lé ìgbà tí fíìmù náà jáde, ikú irú èyí láàárín àwọn ọmọ ọdún 10 sí 17 fi ìdá 28.9 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Olùwádìí mìíràn yẹ iye kan náà wò, kò fara mọ́ àbájáde yẹn. Síbẹ̀, ní July 2019, Netflix gé ibi tí wọ́n ti ń fi ikú náà hàn kúrò.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ òǹkọ̀wé ló ya àwòrán inú "Challenger Deep"? Neal Shusterman kọ ìwé náà nípa Caden, ọ̀dọ́langba kan tó gbà pé òun wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbi tó jìn jù lọ nínú òkun ayé, nǹkan bí kìlómítà 11 sísàlẹ̀. Brendan, ọmọ Shusterman, ló ya àwọn àwòrán náà nígbà tí ọpọlọ òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìwé náà gba ẹ̀bùn National Book Award lọ́dún 2015. Bàbá kò fi àìsàn ọmọ pamọ́, ọmọ kò sì tijú.

Ṣé o mọ̀ pé John Green, tó kọ "Turtles All the Way Down" lọ́dún 2017, ní irú àìsàn tí Aza inú ìwé rẹ̀ ní? Èrò kan náà ni yóò máa yí po lọ́kàn ẹni láìdábọ̀, bó ti wù kó lé e tó. Nínú "Darius the Great Is Not Okay" tí Adib Khorram kọ lọ́dún 2018, bàbá àti ọmọ ni wọ́n jọ ń lo oògùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bí ìdílé mìíràn ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2016 ni ètò Reading Well ti ní ìwé tí wọ́n ṣà jọ fún ọ̀dọ́langba. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè dárúkọ ìwé fún ọmọ, kí ọmọ sì lọ yá a ní ilé ìkàwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí? Ìbàdàn ni wọ́n bí Helen Oyeyemi sí lọ́dún 1984, London ló dàgbà sí, ó sì kọ "The Icarus Girl" nígbà tó ń múra ìdánwò àṣejáde girama lọ́wọ́. Ó jáde lọ́dún 2005. Jessamy, ọmọ ọdún 8, bá ìyá rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, nílé bàbá àgbà, ó sì rí ọ̀rẹ́ kan tí ẹlòmíràn kì í rí. Ìgbà tí wọ́n padà sí London ni nǹkan ń bà jẹ́. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbejì àti ère ìbejì ń jà ràn-ìn nínú ilé, torí ìkejì rẹ̀ ti kú nígbà tí wọ́n bí wọn. Oyeyemi kò sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, kò sì bú ẹnikẹ́ni. London ni Faridah Àbíké-Íyímídé náà ti wá. Nínú "Where Sleeping Girls Lie", tó jáde lọ́dún 2024, Ṣadé ń gbé ọ̀fọ̀ àti ọgbẹ́ àtẹ̀yìnwá wọ iléèwé tuntun.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kárí ayé, nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìsàn tó jẹ mọ́ ọpọlọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ní ayé sú òun, èsì tó ń gbọ́ ni, "Ṣé oúnjẹ lo ò rí jẹ ni?" tàbí "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níta o." Òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa, ní abala 327, ti ka ẹni tó bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ sí arúfin, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló là sílẹ̀ fún un. Ta ni yóò wá lanu sọ̀rọ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni pé láti 1954 ni Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tó jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí gbogbo ayé sì wá wò ó nígbà náà. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2023, ló wá rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Olùkọ́ àti òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ka irú ìwé yìí fúnra yín, kí ẹ tó fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì bi í ní ohun tó rí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ọmọ fi ń sunkún. Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, bó bá jẹ́ ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, má dá a gbé. Sọ fún àgbàlagbà kan lónìí. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ, lọ bá ẹlòmíràn, tàbí kí o lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ jù lọ, kí o ní o fẹ́ rí dókítà.