Ǹjẹ́ Fídíò Kan Ṣoṣo Lè Bá Wa Tajà Lórí Ayélujára?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kí rédíò tó dé, kí ayélujára tó dáyé, ni Yorùbá ti mọ̀ pé ọjà tí a kò bá kéde kì í tètè tà. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ kì í kàn sọ pé ẹ̀kọ ni òun ń tà. Yóò sọ bó ṣe gbóná tó àti bó ṣe ń jọ̀lọ̀ lọ́fun, yóò sì fi ohùn dídùn gbé e kalẹ̀ títí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yóò fi wá àwo. Lónìí, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ti ń kiri ọjà, fídíò sì ti gba ipò ohùn akiri-ọjà.

Ohun tó gbòde báyìí ni ojú-ìwé ìtajà onífídíò. Kò ṣòro láti ṣàpèjúwe: àkọlé kan lókè, fídíò kan láàárín, bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀ tí oníbàárà yóò tẹ̀ láti sanwó. Kò sí àlàyé gígùn, kò sí àwòrán rẹpẹtẹ. Àwọn kan tó ń kọ́ni ní òwò orí ayélujára a máa sọ pé bí ènìyàn bá ti ní irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀, kó lọ sùn, owó yóò máa wọlé. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú mi. Àbúrò mi obìnrin kan ń ta àdìrẹ. Nígbà tó kàn án láti kó èésú, ẹnì kan sọ fún un pé kó kó ₦150,000 wá, kí òun fi ṣe ojú-ìwé onífídíò ogún ìṣẹ́jú fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo owó ọjà mi nìyí." Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo wo ọ̀pọ̀ irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀, mo sì fi wọ́n wé iṣẹ́ àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ pé fídíò bá tajà ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, Michael Dubin gbé fídíò kan jáde fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Dollar Shave Club, èyí tó ń fi abẹ ìfárùngbọ̀n ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nílé lóṣooṣù. Fídíò náà kò tó ìṣẹ́jú méjì, nǹkan bí dọ́là 4,500 ló sì ná an. Láàárín ọjọ́ méjì, nǹkan bí 12,000 ènìyàn ti bèèrè ọjà náà. Ní ọdún 2016, Unilever ra ilé-iṣẹ́ náà ní iye tí ìròyìn sọ pé ó tó bílíọ̀nù kan dọ́là.

Òmíràn ni ti Blendtec, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlọta ní ìpínlẹ̀ Utah. Ní ọdún 2006 ni Tom Dickson, olùdásílẹ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú kámẹ́rà, tó ń ju oríṣiríṣi nǹkan sínú ẹ̀rọ náà láti lọ̀ wọ́n. Ó lọ òkúta dígí róbótó tí ọmọdé fi ń ṣeré; nígbà tó di ọdún 2007, ó lọ fóònù iPhone. Ẹni tó bá rí i kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni búra fún un pé ẹ̀rọ náà lè lọ ata.

Kí ni àwọn méjèèjì fi jọra? Fídíò wọn kò gùn, ọjà náà gan-an ni wọ́n sì fi hàn. Dubin sọ iye tí ọjà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí, èyíinì ni dọ́là kan lóṣù láìka owó ìfiránṣẹ́, láìfi falẹ̀. Ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ eré apanilẹ́rìn-ín kó tó ya fídíò yẹn. Owó tó ná kéré, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó lò kò kéré.

Ẹ wá fi èyí wé ojú-ìwé tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àbúrò mi. Ogún ìṣẹ́jú! Wọ́n á fi iye ọjà pamọ́ títí di ìparí. Bọ́tìnnì ìsanwó pàápàá kò ní yọjú títí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni fídíò ogún ìṣẹ́jú lè jẹ dátà tó 100 megabyte tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Ta ni yóò fi dátà tó wọ́n bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìtàn kí ó tó mọ iye aṣọ? Ọ̀pọ̀ ló sì ń wo fídíò láìṣí ohùn rẹ̀, nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́. Bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ sí ojú fídíò náà, ẹnu lásán ni wọn yóò rí tó ń mì.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé tún wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí oníbàárà àdìrẹ sábà máa ń bèèrè ni pé, ṣé kì í ṣí? Ọ̀pá mélòó ni? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́? Ìsọ̀rọ̀ adùn-ún-gbọ́ kò dáhùn èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n fídíò ìṣẹ́jú kan lè dáhùn gbogbo wọn. Ẹ fi ìyẹ́ adìẹ tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ hàn. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń rì í sínú aró hàn. Ẹ wọn aṣọ náà, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ẹ má sì sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́: òfin ìdáàbòbò oníbàárà Nàìjíríà ti ọdún 2018 ka àpèjúwe ọjà tó ń ṣini lọ́nà léèwọ̀.

Ohun tí fídíò kò lè ṣe ni pé kó pe èrò wá fúnra rẹ̀. Ojú-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dà bí ìsọ̀ tí a kọ́ sínú igbó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦3,000, àádọ́ta aṣọ ni àbúrò mi gbọ́dọ̀ tà kó tó rí ₦150,000 náà padà, láìtíì ka owó tí yóò fi polówó ojú-ìwé ọ̀hún.

Ìmọ̀ràn tí mo fún un ni pé kó fi owó èésú rẹ̀ ra ọjà, kó sì fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ya fídíò. Ó ya ti ìṣẹ́jú kan, ó kọ iye owó, iye ọ̀pá àti owó ìfiránṣẹ́ sí ojú rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ lórí WhatsApp. Aṣọ tó fọ̀ nínú fídíò náà ló kọ́kọ́ tán. Àwọn tó ń bèèrè bóyá aró rẹ̀ ń ṣí dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n oríṣi kan tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Fídíò kò sọ ọ́ di àyànfẹ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé, fídíò ń tajà, bí ọjà náà bá dára, tí a fi í hàn kedere, tí a sì dárúkọ iye rẹ̀. Kí ẹ tó fi owó ńlá lé e, ẹ dán an wò: ẹ fi fídíò polówó ọjà kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi àwòrán polówó ọjà kan náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní iye kan náà. Ẹ ka iye ẹni tó wò ó, iye ẹni tó bèèrè àti iye ẹni tó sanwó. Iye ẹni tó sanwó ni kí ẹ tẹ̀ lé.