Ẹran Màlúù fún Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Ru

Ìbéèrè kan wà tí àwọn obìnrin Osi àti Iloffa kì í yé é bi mí ní dìsípẹ́ńsárì, ó sì dá mi lójú pé ẹ̀yin ará ìlú ńlá náà ń bèèrè rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ baálé mi ń ru. Ṣé kò ní jẹ ẹran mọ́ nìyẹn?"

Ìdáhùn mi ni pé yóò jẹ ẹ́. Bí a ṣe ń sè é ni ó yẹ kí ó yí padà. Ọ̀pọ̀ ìyàwó a máa se ọbẹ̀ tí ó tẹ́ lọ́tọ̀ fún baálé, wọn a sì se èyí tí ó dùn fún àwọn ọmọ. Kò ní pẹ́ tí baálé yóò fi máa yà sí búkà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bá a wọn iyọ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa jẹ.

Iyọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí ó bá pọ̀ lára, a máa fa omi sínú ẹ̀jẹ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan á sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn àti àrùn kíndìnrín ti lè wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2023, wọ́n ní bíi gíráàmù 10.8 ni ènìyàn ń jẹ káàkiri ayé. Ẹ má sì gbàgbé pé iyọ̀ pọ̀ gan-an nínú mágí.

Bí a ṣe ń sè é fún ènìyàn mẹ́fà nìyí. Ẹ ra ẹran itan kílò kan lọ́wọ́ alápatà, ẹ gé gbogbo ọ̀rá tí ojú bá rí kúrò, kí ègé kọ̀ọ̀kan tó páálí ìṣáná. Ẹ gún àlùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀, kí ẹ fi pa á lára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ da òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun kan sínú ìkòkò tí ó nípọn, ẹ yí ẹran náà nínú rẹ̀ títí yóò fi pọ́n díẹ̀, kí ó má ṣe jóná. Ẹ wá da tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo tí a ti lọ̀ sí i, pẹ̀lú omi ife kan. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, kí ó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún bíi wákàtí méjì. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fi sùúrù se òkúta yóò mu omi rẹ̀.

Nígbà tí ẹran bá rọ̀, ẹ fi ṣíbí ré ọ̀rá tí ó léfòó kúrò. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fi irú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Bí a bá fi iyọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò ní mọ bí yóò ṣe mú tó nígbà tí omi bá fà tán. Bí irú tí ẹ rà bá ti ní iyọ̀, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ má fi mágí sí i rárá. Irú, àlùbọ́sà àti omi ara ẹran náà ti tó. Ẹnu lè máa wá iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n yóò mọ́ ọn lára.

Ègé mẹ́ta ti tó ẹnì kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí ó pọ̀, àti iyán tí kò ga bí òkè. Àwọn onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ ní kí ẹran pupa tí a ti sè má ṣe ju gíráàmù 350 sí 500 lọ lọ́sẹ̀ kan. Nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Kí ẹja àti ẹ̀wà gba ọjọ́ yòókù.

Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ti dára. Ẹni tí ó ní àrùn kíndìnrín, kí ó bèèrè ìwọ̀n ẹran tí ó yẹ ẹ́. Kí gbogbo wa sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ìlera loògùn ọrọ̀.