Orúnkún Enable

Ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo ń tà ní Abossey Okai. Oníbàárà tó bá ń pọ́n gíábọ́ọ̀sì lé nítorí pé ó ń dán, mo máa ń sọ fún un pé: ẹ gbé e sínú ọkọ̀, ẹ di ẹrù lé e, ẹ fi gun òkè, ẹ ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹṣin eré ìje kan tó ń jẹ́ Enable nìyẹn.

Abo ẹṣin tí kò tíì pé ọdún 5 ni àwọn Òyìnbó ń pè ní filly. Èmi ń pè é ní ọmọge. Nígbà tí Enable ń sáré, Khalid Abdullah ló ni ín, John Gosden ló ń kọ́ ọ, Frankie Dettori ló ń gùn ún. Ní 2017, ọmọ ọdún 3 péré, ó gba ìje Oaks ti Epsom àti ti Ireland, ó fẹ̀yìn àwọn akọ tó jù ú lọ balẹ̀ nínú King George, ó sì gba Arc, ìje tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún yẹn làwọn èèyàn ń yìn. 2018 ni tèmi.

Orúnkún ló yọ ọ́ lẹ́nu. Ara ẹṣin eré ìje tó nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì gbé e. Tó bá ń sáré tete, ó níbi tó máa ń dé nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù náà. Odidi oṣù 11 ni Enable kò fi fẹsẹ̀ kan ìje. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sá, ní Kempton, kó tó padà sí Arc.

Ọjọ́ Àìkú ni, 7 October. Ṣọ́ọ̀bù ti tì káàkiri àdúgbò. Mo jókòó lórí ẹ́ńjìnnì kan, fóònù wà lórí itan mi. Ẹṣin 19, mítà 2400, ní Longchamp. Enable bọ́ síwájú, mo ti dìde. Àfi bí Sea of Class, ọmọge mìíràn, ṣe yọ láti ẹ̀yìn pátápátá, tó ń jẹ wọ́n níkọ̀ọ̀kan bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìlà, àlàfo àárín wọn kò tó gígùn ọrùn ẹṣin. Enable ló gbà á.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó gba Breeders' Cup Turf ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú rẹ̀, ẹṣin kankan kò tíì gba ìyẹn àti Arc lọ́dún kan náà rí. Ìje 19 ló sá kó tó fẹ̀yìn tì ní 2020. Ó gba 15.

Fídíò Longchamp ṣì wà lórí fóònù mi. Orúnkún rẹ̀ ni mo máa ń wò.