Ẹdùn Àrá: Òkúta Kan, Ojú Púpọ̀

Ìbéèrè kan dìde níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Osdorfer Born, ní Hamburg: bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá ní àáké ayé àtijọ́ ni ẹdùn àrá, ṣé irọ́ ni a gbé sínú ọpọ́n Ṣàngó? Àbí ayé tiwọn yàtọ̀ sí ayé tiwa?

A kò rò pé ayé méjì ni. Kí àríyànjiyàn tó lè wà rárá, òkúta kan náà ni tọ̀túntòsì gbọ́dọ̀ máa nàka sí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń jẹ́rìí: nínú àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá kan, ẹdùn ni àáké. (Odduara ni ó dà lẹ́nu àwọn àgbà wa ní Kúbà.) Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti rí àáké lára rẹ̀ kí Thurstan Shaw tó walẹ̀ ní Ihò Ẹlẹ́ẹ̀rú, ní ìhà Àkúrẹ́, ní 1965, tí àáké òkúta sì wà lára ohun tó hú jáde.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo bá àwọn oníṣègùn Èkìtì sọ̀rọ̀. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Òṣùwọ̀n yìí kan gbogbo wa. Kò sí ẹni tó rí ọwọ́ tó pọ́n òkúta náà, kò sì sí ẹni nínú wa tó rí i nígbà tó já bọ́. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí a ti pọ́n ọn hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Lórí bí a ṣe ṣe é, ọ̀dọ̀ awalẹ̀pìtàn ni ẹ̀rí wà. A gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Síbẹ̀, ẹ̀yin tí a ti fi jẹ òrìṣà mọ̀ pé a kì í gbé e láti ọjà sínú ọpọ́n. A fi obì bi í bóyá ó gbà, a fi omi ewé wẹ̀ ẹ́, a bọ ọ́. Ojú wa ni èyí ń ṣe, nínú ayé kan náà. Bóyá Ṣàngó ló dáhùn, àríyànjiyàn gidi nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ fi “ayé tiwa yàtọ̀” sá fún un.

Àwọn ará Jámánì àtijọ́ náà ń tọ́jú irú àáké yìí sílé kí àrá má baà sán lu ilé. Donnerkeil ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá gbọ́ Donnerkeil ní Hamburg yóò máa ro òkúta ṣóńṣó tí à ń ṣà létí Òkun Baltic, tó jẹ́ ara ẹranko inú omi kan tó ti kú tipẹ́. Òkúta mìíràn nìyẹn. Nítorí náà ẹdùn àrá ni a óò fi sílẹ̀ nínú àdúrà tí a ń túmọ̀ sí èdè Jámánì.