Kí òbí tó fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí plombier

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò CEP bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́: ọmọ tí kò ní padà sí ilé ìwé, iṣẹ́ wo ni yóò kọ́? Ní ilé púpọ̀, ìdáhùn kì í pẹ́. Ọ̀rẹ́ bàbá ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá títì, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ń to ọ̀pá omi ní Kútọnu. Wọ́n á mú ọmọ lọ bá a, wọ́n á fi ọtí àti owó lé e lọ́wọ́, ó parí. Ẹni tí ó fẹ́ ra ewúrẹ́ a máa yí i po lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó sanwó. Iṣẹ́ tí ọmọ yóò fi jẹun kò yẹ kí ó gba àyẹ̀wò tí ó kéré sí ìyẹn.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ mẹkáníìkì wà fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò gba ìwé, pé agbára apá ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù ni soupape wà, ìyẹn ìdérí kékeré tí ń ṣí, tí ó sì ń padé, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde. Àlàfo kan wà lórí rẹ̀ tí kò ju sísanra bébà kan lọ nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù. Bí àlàfo náà bá há jù, soupape kò ní padé dáadáa, yóò sì jóná. Bí ó bá fẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa pariwo, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Irin pẹlẹbẹ tí a kọ nọ́ńbà sí lára ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí kò mọ èyí tí ó tóbi jù nínú 0,05 àti 0,10 yóò máa fi etí ṣe òṣùwọ̀n, oníbàárà ni yóò sì jẹ gbèsè rẹ̀.

Iṣẹ́ plombier náà kún fún ìṣirò. Gíga ni ó ń fún omi inú àgbá ní agbára: mítà 10 ní gíga ń fún un ní agbára tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bar 1. Ìdí nìyí tí àgbá tí a gbé sí mítà 3 péré lókè ibi ìwẹ̀ fi ń mú omi wá tín-ín-rín, bí ó tilẹ̀ kún dẹ́nu. Ọ̀pá tí ń gbé omi ìdọ̀tí jáde, ẹ̀wẹ̀, gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 3 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdọ̀tí yóò jókòó sínú rẹ̀, fífọ́ ni wọn yóò sì fọ́ ilẹ̀ ilé kí wọ́n tó rí ibi tí àṣìṣe wà. Plombier gidi kì í bo ọ̀pá omi mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi agbára ti omi sínú rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó ń jò.

Ní ti oníbàárà, alùpùpù pọ̀ ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tún un ṣe náà wà ní gbogbo ìkóríta. Láti ọdún 2022 ni alùpùpù oníná sì ti ń rìn ní Kútọnu àti ní Lọ́mẹ́. Kò ní soupape, kò sì mu epo. Ọ̀gá tí ó mọ iná díẹ̀ sàn ju èyí tí kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ lọ. SONEB ni ó ń fún àwọn ìlú ní omi. Láti ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn, ANAEPMR, ti ń bójú tó omi mímu ní ìgbèríko. Ibi tí omi ẹ̀rọ bá dé, ọ̀pá yóò bẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí, kí òbí lọ sí ibi iṣẹ́ náà láìránṣẹ́ ṣáájú. Kí ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti lo ọdún méjì. Ṣé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì, àbí clé nìkan ni wọ́n ń gbé fún ọ̀gá? Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ṣé oko ọ̀gá ni wọ́n wà, àbí ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀? Ṣé ẹni tí ń jó irin pọ̀ fi nǹkan bojú? Bí ọmọbìnrin ni yóò kọ́ṣẹ́, kí ó béèrè bóyá ọ̀gá ti kọ́ ọmọbìnrin rí; kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ méjèèjì tí ọwọ́ obìnrin kò lè ṣe.

Ìwé àdéhùn ni ó ṣòro jù, nítorí ojú máa ń ti ènìyàn láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni òfin iṣẹ́ Benin ti ọdún 1998 sọ pé kíkọ ni kí a kọ àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀, kò sì gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 wọ ẹnu iṣẹ́. Òbí tí ó ti mọ ìwé kà kò ní láti tẹ̀ka mọ́. Bí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, kí ó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ó sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.

Kí ó béèrè ìdánwò ìparí pẹ̀lú. CQP wà fún ọmọ tí ó kàwé dé CM2: ọdún mẹ́ta ni, yóò máa wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò sì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. CQM wà fún ẹni tí kò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí kò lè yọ̀ǹda ọmọ fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ó ń wá.

Owó ìdásílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní libération, ni ìjà púpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá nítorí pé owó ọtí àti ti ewúrẹ́ ayẹyẹ kò tí ì pé. Àwọn mìíràn a tún lo ọdún kan tàbí méjì sí i, wọ́n á máa fi iṣẹ́ san án. Ọjọ́ kìíní ni kí wọ́n ti kọ iye owó náà sínú àdéhùn, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.