Kí Ni Ó Ń Ṣe Ọkàn Wa Gan-an?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní àṣálẹ́ yìí ni pé: ṣé gbogbo ohun tí a ń pè ní ìbínú náà ni ìbínú?

Ẹ jẹ́ kí á wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Olùkọ́ ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, ó sì ṣì í. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà, mẹ́jọ ni, kì í ṣe méje." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ fa pàṣán yọ, ó ní ọmọ náà rí òun fín. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní inú ló bí òun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ló tì í; ìtìjú ló gbé agbádá ìbínú wọ̀. Ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ sì ju ojú pàṣán lọ, nítorí láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí yóò tún nawọ́ sókè bí olùkọ́ bá ṣi iṣẹ́ ṣe.

Ní 1990, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, ṣàlàyé irú ọgbọ́n kan tí ó yàtọ̀ sí ọgbọ́n ìwé: kí ènìyàn dá ohun tí ó ń ṣe ọkàn ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn mọ̀, kí ó sì fi ìmọ̀ náà darí ìṣe rẹ̀. Ìwé tí Daniel Goleman kọ ní 1995 ló gbé ọ̀rọ̀ náà kárí ayé. Ní 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tí ń wo àwòrán ojú tí ó kún fún ìbínú tàbí ìbẹ̀rù. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá ti fi ọ̀rọ̀ dárúkọ ohun tí ojú náà fi hàn, apá ọpọlọ tí ń kéde ewu a rọlẹ̀.

Èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Inú ní í bí ni, ojú ní í ti ni, àyà ní í já, ara ní í ta ni, ọkàn ní í gbọgbẹ́. Kò sí èyí tí ó jẹ́ èkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn wọn kò sì papọ̀. Bí ojú bá tì wá, kí á gba àṣìṣe wa. Bí àyà bá já wa, kí á wádìí ohun tí ń dẹ́rù bà wá. Bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ tí inú sì bí wa lóòótọ́, kí á fi ohùn pẹ̀lẹ́ ro ẹjọ́ wa. Sùúrù kì í ṣe kí á gbé ohun gbogbo mì. Bákan náà ni kí á ṣe fún ọmọ tí ó pẹ́ dé tí kò lè fọhùn: ó lè jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe àfojúdi.

Àwọn kan yóò ní bí àgbà bá gba àṣìṣe lójú ọmọdé, iyì rẹ̀ tán. Rárá o. Ká ní olùkọ́ wa wí pé, "O ṣeun, ọmọ mi, mo ṣì í ni," ẹ̀rín ì bá tán, ẹ̀kọ́ ì bá tẹ̀ síwájú, iyì rẹ̀ ì bá sì lé kún. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí á tó fọwọ́ kan àpò tàbí apó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni ó ń ṣe ọkàn mi gan-an?